Ọ̀kadà Mi Kò Tíì Jáde

 

Ẹni tó bá ń wá ìròyìn àwọn abà ní abala yìí, kó má bínú, kò sí. Ọ̀kadà tí mo fi ń lọ gbọ́ ìròyìn ọ̀hún ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti bí oṣù mẹ́ta.

Èéfín búlúù ló kọ́kọ́ ń tú jáde nídìí ẹ̀. Mẹkáníìkì ní, "Ríǹgì ló ti jẹ, bọ̀ọ̀dá, ẹ́ńjìnnì ń jó ọ́ìlì. Ọjọ́ mẹ́ta péré." Ó tú u. Ó gbé búlọ́ọ̀kù lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ha inú ẹ̀ fẹ̀ kó lè gba písítìnì tó fi 0.50 mílímítà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àfi bó ṣe ra písítìnì 0.25 bọ̀! Ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà àgbà. Ó ní òun á pààrọ̀ ẹ̀ lọ́la. Ọ̀la yẹn la ṣì ń retí.

Èyí tó wá dùn mí ni pé, lọ́jọ́ kan tí mo débẹ̀, mi ò rí kábúrétọ̀ mi mọ́. Ó ní àwọn ọmọ iṣẹ́ òun fọ̀ ọ́, wọ́n tọ́jú ẹ̀. Ọ̀kadà oníbàárà mìíràn sì ń dún kíkankíkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ojúbọ Ògún wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù náà, màrìwò ẹ̀ ṣì tutù. Ṣebí àwa méjèèjì la jọ jẹ ẹ̀sun iṣu níbẹ̀ nígbà ọdún! Kódà ní kóòtù ìjọba, irin lẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ fi ń búra. Ó dé orí ahọ́n mi kí n ní, "Wá fẹnu kan sípánà yìí, kí o tún un sọ." Mo gbé e mì. Ọmọ ilé wa ni. Tó bá fẹnu kàn án tó sì jẹ́ irọ́, àwa náà la ó tún máa sáré kiri láti tu Ògún lójú. Á ka ìwé yìí, mo mọ̀. Kó kà á.

Ìyá wa àgbà ní ọ̀nà Adó-Àwáyè ni mò ń rò jù. Àwọn nìkan ló kù tó mọ oríkì àwọn baba wa dé ìdí. Mo ti kọ díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu wọn, ó ku èyí tó pọ̀. Mọ́tò kì í dé abà wọn lásìkò òjò, ọlọ́kadà tí mo bá sì háyà kì í fẹ́ dúró dè mí. Orin ìyá kò sì ṣeé kánjú gbọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé, "Ṣé ó ti sú ọ ni?"

Kò sú mi, ìyá. Mo ti bá ọlọ́kadà kan dúnàádúrà, ó gbà láti sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ọjọ́rú la ó gbéra. Ti mẹkáníìkì, ó tún dá ọjọ́ Ẹtì fún mi.