Ta Ló Sọ Medusa Di Abàmì?

Ìwé kan wà tí àwọn ọmọ wa tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń kà bí ẹni ń jẹ ìrẹsì ọdún. The Lightning Thief ni orúkọ rẹ̀. Rick Riordan, ará Amẹ́ríkà, ló kọ ọ́, ó sì jáde ní ọdún 2005. Ìtàn náà sọ pé àwọn òrìṣà Gíríìkì ayé àtijọ́ kò kú, pé wọ́n ti kó wá sí Amẹ́ríkà. Ààfin wọn wà lókè ilé gogoro Empire State Building ní New York, ní àjà 600 tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n ń bá ọmọ aráyé bímọ, àwọn ọmọ tó jẹ́ ìdajì òrìṣà, ìdajì èèyàn yìí ló sì ń kó ara wọn jọ lẹ́gbẹ́ lẹ́gbẹ́ láti bá ẹ̀dá abàmì jà láàárín ìgboro, nínú bọ́ọ̀sì, nínú ṣọ́ọ̀bù.

Mo fẹ́ràn ìwé náà. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìlara ló ń yọ mí lẹ́nu. Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá a rò.

Ọmọ mẹ́ta ń rìnrìn àjò: Percy, ọmọ Poseidon òrìṣà òkun, Annabeth, ọmọ Athena òrìṣà ọgbọ́n àti ogun, pẹ̀lú Grover, tó jẹ́ èèyàn lókè, tó jẹ́ òbúkọ nísàlẹ̀. Ebi ń pa wọ́n ní New Jersey, wọ́n bá yà sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ère òkúta. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù fi ìbòjú bo gbogbo ojú, ó sì fún wọn lóúnjẹ láì gba kọ́bọ̀. Medusa ni. Irun orí rẹ̀, ejò ni. Ẹni tó bá wo ojú rẹ̀, ó di òkúta. Àwọn ère tó wà nínú ọgbà rẹ̀, èèyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Percy ń wo òjìji rẹ̀ nínú dígí roboto kan, ó sì fi idà gé orí rẹ̀. Ẹgbẹ́ ti ṣẹ́gun, òǹkàwé pàtẹ́wọ́, ìtàn ń bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀. Ovid, akéwì ará Róòmù tó gbé ayé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, sọ bí Medusa ṣe di ohun tó dà. Ó ní arẹwà ọmọbìnrin ni, kò sì sí ohun tó rẹwà lára rẹ̀ tó irun rẹ̀. Òrìṣà òkun fi tipátipá bá a lò pọ̀ nínú tẹ́ḿpìlì Athena. Athena kò bá òrìṣà òkun wí. Ọmọbìnrin ló yíjú sí, ó sọ irun rẹ̀ di ejò. Athena yìí kan náà ló tún ran Perseus lọ́wọ́ nígbà tó ń lọ bẹ́ orí rẹ̀, ojú oorun ni Perseus sì ti pa á. Lóòótọ́, Hesiod, tó ṣáájú Ovid ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, kò mẹ́nu ba ipá kankan: nínú pápá olódòdó ló ní àwọn méjèèjì ti sùn pọ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ḿpìlì tí Riordan mú wọ inú ìwé rẹ̀, ti Ovid ni. Kí ló wá fi ipá tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ṣe? Ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Nínú ìwé tirẹ̀, ọ̀rẹ́bìnrin Poseidon ni Medusa, àwọn méjèèjì ló jọ yọ́ wọ tẹ́ḿpìlì. Ẹ̀ṣẹ̀ òrìṣà ti di àṣìṣe ọmọbìnrin.

Ẹ tún wo àwọn tó wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọ ẹni tó bà á jẹ́ àti ọmọ ẹni tó fi í gégùn-ún ló jọ jẹ oúnjẹ rẹ̀ tí wọ́n sì pa á. Lẹ́yìn tí orí ti bọ́ ni wọ́n wá ń bá ara wọn jiyàn pé òbí ta ló fa wàhálà.

Ẹnìkan á ní ìwé ọmọdé ni, ṣé kí ó gbé ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ síwájú ọmọ ọdún mẹ́wàá ni? Rárá o. Ó lè dákẹ́. Kí a dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí kí a gbé ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹni tí wọ́n ṣe é sí. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá ni àwọn baba wa pè ní àgbà òṣìkà. Kí la ó wá pe ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ tán tó yí i padà? Nígbà tí wọ́n sọ ìwé náà di eré tẹlifíṣọ̀n lórí Disney+ ní ìparí ọdún 2023, wọ́n jẹ́ kí Medusa fi ẹnu ara rẹ̀ rojọ́. Mo dúpẹ́. Ó rojọ́ tán, wọ́n bẹ́ orí rẹ̀.

Orí yẹn gan-an kò sì sinmi. Sally, ìyá Percy, wà lọ́dọ̀ ọkọ burúkú kan tó ń lù ú. Ní ìparí ìwé, orí Medusa ló fi sọ ọkọ náà di òkúta. Ó tà á bí ẹni ta ère, ó sì fi owó rẹ̀ wá ilé tuntun àti ẹ̀kọ́ yunifásítì. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ìgbà kejì tí mo kà á ni ara mi bù máṣọ. Obìnrin kan tí ọkùnrin ń fìyà jẹ rí ìdáǹdè, irinṣẹ́ rẹ̀ sì ni orí obìnrin mìíràn tí ọkùnrin fìyà jẹ. Riordan kọ́ ló dá a sílẹ̀. Perseus náà fi orí yìí sọ ọba Polydectes, tó fẹ́ fi ipá fẹ́ ìyá rẹ̀, di òkúta. Lẹ́yìn náà Athena gbà á, ó fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí asà ogun rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló rí orí náà lò àfi ẹni tó ni ín. Yorùbá ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Fún ẹgbẹ́ akọni yìí, òun gan-an ni oògùn.

Minotaur ńkọ́? Ọba Minos ló kọ̀ láti fi akọ màlúù Poseidon rúbọ; òrìṣà bínú, ó mú kí ọkàn olorì fà sí màlúù. Ọmọ tí olorì bí ni wọ́n tì mọ́ inú ilé tí ọ̀nà rẹ̀ lọ́ bí ìfun. Asterius ni orúkọ ọmọ náà, ṣùgbọ́n ta ló ń pè é bẹ́ẹ̀? Nínú ìwé Riordan, bí wọ́n bá pa irú rẹ̀, eruku ló ń dà. Kò sóku, kò sí sàréè, kò sẹ́ni tó máa sunkún. Eruku yẹn gan-an ni mò ń bá jà.

Ohun tó dùn mí ni pé Riordan mọ ọ̀nà mìíràn. Nítorí ọmọ rẹ̀, tí ìwé kíkà ń ni lára, ló ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn Percy, kí ọmọ tí wọ́n ń wò bí aláìpé lè rí ara rẹ̀ bí akọni. Nínú ìwé kejì, tọdún 2006, ó mú Tyson wá, olójú kan ṣoṣo, ọmọ Poseidon bíi ti Percy. Ojú ti Percy láti pè é lárákùnrin. Kí ìwé tó parí, ojú ti òǹkàwé fún un. Ó ṣeé ṣe, a ti rí i.

Ìdí tí mo fi ń pariwo ni pé àwa náà ti ń kọ tiwa. Láàárín àwa tí a ń kọ ìtàn fún ìdíje, ọmọ Ṣàngó, ọmọ Ọya àti ọmọ Ògún ti ń lépa abàmì lábẹ́ afárá Third Mainland. Ó wù mí kà. Ta ni wọ́n máa lépa ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Níbi tí wọ́n ti ń pe opó arúgbó ní àjẹ́ nítorí pé ọmọ kan kú ládùúgbò, ọ̀rọ̀ eré kọ́ ni abàmì. Fágúnwà ti kó ẹgbẹ́ ọdẹ jọ fún wa láti ọdún 1938 nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Òkè Láńgbòdó ni wọ́n rán wọn lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti jókòó gba ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ méje. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé kí wọ́n tó débẹ̀, Kàkó ti pa obìnrin tó dì mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ fi òun sílẹ̀, ẹgbẹ́ sì ń bá ìrìn lọ. Àwa náà ní eruku tiwa.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, wọ́n gbé ère kan sí iwájú ilé ẹjọ́ ọ̀daràn ní New York, ìlú tí Riordan kó àwọn òrìṣà rẹ̀ sí. Luciano Garbati, ará Argentina, ló ti mọ ọ́n láti ọdún 2008: Medusa dúró ṣánṣán, ó di idà mú lọ́wọ́ kan, orí Perseus wà lọ́wọ́ kejì. Mo fi àwòrán rẹ̀ han àbúrò mi obìnrin lórí fóònù. Ọmọ ọdún méjìlá ni, òun ló ni ìwé tí mo yá kà. Ó wò ó títí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Perseus ni wọ́n gé lórí yìí?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Poseidon wá ńkọ́?”