Ta Ni À Ń Bá Sọ̀rọ̀? Fíìmù Àyíká àti Èdè Tí Ó Yẹ Kó Sọ

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lẹ́nu láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, mo sì rò pé ó tó kí n gbé e kalẹ̀ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó jẹ mọ́ irú fíìmù tí kì í ṣe eré àròsọ, èyí tí ń fi ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an hàn, tí àwọn oníṣẹ́ fíìmù ń pè ní dọkumẹ́ńtárì. Ní pàtàkì, èyí tí a ṣe lórí àyíká: lórí omi, igbó, ẹranko, àti àwọn ènìyàn tí ń jà kí nǹkan wọ̀nyí má baà parun.

Àwọn onílé àti ayálégbé àdúgbò wa ní Mushin ni ó pe ìpàdé lórí gọ́tà tó dí. Wọ́n ní kí èmi tí mo jẹ́ tíṣà wá bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Mo rò pé mo gbọ́n. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi lọ, mo ta aṣọ funfun sára ògiri, mo sì fi apá kan nínú fíìmù Nowhere to Run hàn wọ́n. Ọdún 2015 ni fíìmù náà jáde láti ọwọ́ Shehu Musa Yar'Adua Foundation. Ken Saro-Wiwa kékeré, ọmọ òǹkọ̀wé tí ìjọba ológun so kọ́ ní ọdún 1995, ni ó ń ṣàlàyé nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ó rin Nàìjíríà já, láti ibi tí aṣálẹ̀ ti ń jẹ oko lókè ọya títí dé ibi tí epo rọ̀bì ti ba odò jẹ́ ní Niger Delta. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń sọ.

Kò pẹ́ tí ìyá àgbà kan tí ń ta èlùbọ́ fi pè mí. "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọkùnrin yìí ń wí?" Mo ní, "Màmá, ó ní ojú-ọjọ́ ti ń yí padà." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìgbà wo ni ojú-ọjọ́ kì í yí padà? Ẹ̀ẹ̀rùn á lọ, òjò á dé, ọyẹ́ á tún mú. Ṣé torí èyí ni ẹ fi ní ká wá jókòó?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Ìmọ̀ èdè ni mo kọ́ títí mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, síbẹ̀ mo fi èdè abínibí mi sọ ọ̀rọ̀ tí kò já mọ́ nǹkan kan létí ẹni tó ni èdè.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ gbólóhùn náà wò. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní climate kì í ṣe bí ọ̀run ti rí lónìí. Ìṣesí òjò, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ibì kan ni, nígbà tí a bá kó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún pọ̀ tí a sì wò ó. Ojú-ọjọ́ ní tiwa ni bí ọjọ́ ti rí: ó ṣú, ó mọ́, ó móoru. Nítorí náà, "ìyípadà ojú-ọjọ́" kò lè dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Àléébù kejì ni pé gbólóhùn náà kò ní olùṣe. Ó yí padà; ta ló yí i padà? A kò gbọ́.

Ní ìpàdé kan náà, bàbá kan dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ará, àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un." Kíá ni ilé gbóná. Ta ló kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ojú ọ̀nà omi? Àwọn wo ló máa ń dúró de òjò kí wọ́n tó da pàǹtí ilé wọn sínú gọ́tà? Ìgbà wo ni a gbẹ́ ẹrẹ̀ rẹ̀ kẹ́yìn? A kò parí ìjà náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gọ́tà ni a ń sọ, gbogbo ènìyàn ló sì ní ohun tí yóò wí. Òwe kan ṣoṣo ti dárúkọ ohun tí ń ṣe ibi àti ẹni tó yẹ kó dá a dúró.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pín fíìmù àyíká sí ọ̀nà méjì lọ́kàn mi. Àwọn kan ń fi ẹjọ́ sun ẹlòmíràn nítorí wa. Àwọn kan ń bá wa sọ̀rọ̀. Ti àkọ́kọ́ kò wọ́n wa; ti èkejì ni ó ṣọ̀wọ́n.

N kò kẹ́gàn ti àkọ́kọ́ o. Ní ọdún 1994, Glenn Ellis ṣe fíìmù The Drilling Fields nípa ìjà àwọn ará Ogoni pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ epo Shell, wọ́n sì fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Gẹ̀ẹ́sì yẹ fíìmù bẹ́ẹ̀. Ìlú òyìnbó ni olú ilé-iṣẹ́ náà wà, ibẹ̀ ni ó sì yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ohun tí ó ń ṣe lẹ́yìn odi. Ẹni tí ó bá fẹ́ rojọ́ gbọ́dọ̀ sọ èdè tí adájọ́ gbọ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹjọ́ bá jẹ́ tiwa láàárín ara wa ńkọ́? Ní ọdún 2010, BBC fi Welcome to Lagos hàn ní apá mẹ́ta. Ọ̀kan jẹ́ nípa àwọn tí ń ṣa ohun tó wúlò nínú ààtàn ńlá Olúṣòsùn ní Òjòtá. Ọ̀kan jẹ́ nípa Makoko, níbi tí àwọn ará wa tí í ṣe Ẹ̀gùn ti ń gbé lórí ọ̀sà ní Yaba. Ẹ̀kẹta jẹ́ nípa etí òkun Kuramo. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bínú sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká náà bu ẹnu àtẹ́ lù ú pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ìlú ni ó fi hàn. Ó ṣe tán, ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n gbogbo àríyànjiyàn náà dá lórí ohun tí ará London yóò rò nípa Èkó. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè bóyá ará Makoko gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa òun.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti inú ìwé lásán. Ní oṣù Keje ọdún 2012, ìjọba fún àwọn kan nínú ará Makoko ní wákàtí 72 kí wọ́n kó kúrò, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé. Ọ̀kan nínú ìdí tí wọ́n kọ sínú ìwé ìkìlọ̀ ni pé àwọn ilé náà ń ba àyíká jẹ́. Ẹ wò ó! Ọ̀rọ̀ àyíká kan náà tí a fi ń dáàbò bo ẹja ni a fi lé apẹja. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè tí a fi ń jíròrò àyíká kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá fi àyíká sọ̀kò lù ú. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ èdè kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lára fíìmù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ fi ojú ṣọ́ nǹkan kan nígbà tí ẹ bá tún ń wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan bá sọ Yorùbá nínú rẹ̀, ẹ ó rí ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìsàlẹ̀ àwòrán. Bí aṣàlàyé bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wò ó bóyá ẹ ó rí ìtumọ̀ Yorùbá. A ń ṣàánú ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. A kì í ṣàánú ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé rẹ̀ ni àwòrán náà ti wá.

Àwọn kan yóò ní fíìmù Yorùbá kò lè rìn jìnnà, pé ẹni tó ń fúnni lówó iṣẹ́ kò gbọ́ ọ. Irọ́ ni. Ní ọdún 1999, Túndé Kèlání gbé Ṣaworoidẹ jáde láti inú ìtàn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Eré àròsọ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tó ń dun àwọn ará Jogbo nínú rẹ̀: igbó wọn tí àwọn agégẹdú ń run, tí ọba àti ìjòyè ń jẹ owó lórí rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́, ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Wọ́n wò ó ní Mushin, wọ́n sì ń jíròrò rẹ̀ ní yunifásítì òkè òkun. Bí eré bá lè ṣe é, kí ni yóò ṣòro fún dọkumẹ́ńtárì? Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kò wọ́n wa. Láti ọdún 2011 ni àjọ̀dún iREP ti ń kó àwọn tó ń ṣe dọkumẹ́ńtárì jọ ní Èkó, Fẹ́mi Odùgbẹ̀mí tó wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ sì ti ṣe fíìmù tirẹ̀ lórí Makoko ní ọdún 2016.

Bí wọ́n bá ń wá ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Ẹ wọ ọkọ̀ láti Yaba lọ sí Mushin, kí ẹ máa tú orúkọ àdúgbò bí ẹ ti ń lọ. Igbóbì: ẹ gé e sí méjì, ẹ ó bá igbó àti obì nínú rẹ̀. Ìdí-Àràbà, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì wà lónìí: igi àràbà ni wọ́n fi júwe ibẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé èso ìṣin tí wọ́n ń mú ni ó di Mushin, àwọn mìíràn sì ní ewé akòko ni Makoko ti mú orúkọ. Bí ìtúmọ̀ kan tilẹ̀ mẹ́hẹ nínú wọn, ohun tí wọ́n jọ ń wí kò ṣòro gbọ́: igi ni àwọn baba wa rí kí wọ́n tó rí ilé. A kò fi ẹ̀rọ ya àwòrán igbó náà. Orúkọ ni a fi yà á. Igi ti lọ, orúkọ kù. Wangari Maathai ti Kenya, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2004, sọ pé ìyá òun ti kìlọ̀ fún òun ní kékeré pé òun kò gbọdọ̀ ṣẹ́gi lára igi mũgumo, nítorí igi Ọlọ́run ni. Ìkìlọ̀ tí ó gbọ́ ní èdè ìyá rẹ̀ ni ó padà yé e nígbà tó dàgbà tán. Àwa náà ní irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ìrókò àti àràbà.

Síbẹ̀, n kò ní tan yín jẹ. Èdè nìkan kò tó. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n wí pé a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2015 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣọ́ ẹ̀dá, ti kọ igún kékeré tí a máa ń rí lórí ààtàn wa sínú ìwé àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kí wọ́n parun. Májèlé wà lára ohun tó ń pa á, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń pa á fún oògùn káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹnu kan náà tó mọ èèwọ̀ ni ó ń dá iye lé orí igún. Ohun tí mo ń wí ni pé fíìmù tó bá fi èèwọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ti rí ibi dì mú nínú olùgbọ́. Olóògùn lè bá a jiyàn, ó lè ní ìdí tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè ní kò kan òun. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì pé ẹ̀dá kan fẹ́ẹ́ parun, yóò ní àwọn òyìnbó ti tún dé.

Kí ẹ má sì rò pé Yorùbá nìkan ni mò ń jà fún. Bí a bá mú fíìmù lọ sí Makoko, èdè Ẹ̀gùn ni ó yẹ kó kọ́kọ́ sọ. Bí a bá fi Yorùbá ṣe sí Ẹ̀gùn ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe sí wa, a kò tíì kọ́ ọgbọ́n kankan.

Iṣẹ́ wá dọ́wọ́ yín, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Fóònù tó wà lápò yín ti tó fi ya fíìmù. Ẹ lọ bá àwọn ẹlẹ́wẹ́-ọmọ ní ọjà Mushin, kí ẹ bi wọ́n ní orúkọ ewé, kí ẹ sì bi wọ́n ní èyí tí wọ́n ti ń rìn jìnnà kí wọ́n tó rí. Ẹ bi apẹja léèrè orúkọ ẹja tí kì í bọ́ sínú àwọ̀n mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán ní èdè wọn, kí ẹ tó fi Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀. Àwa tí à ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì náà, ẹ jẹ́ kí a jáde ní ọ́fíìsì. Kí a mú ọ̀rọ̀ wa lọ sí ọjà kí a tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, kí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, kí a padà lọ ronú.

Èmi náà ṣì jẹ wọ́n ní gbèsè. N kò tíì rí ọ̀rọ̀ tí n ó fi ṣàlàyé climate fún wọn tí wọn kò ní bi mí pé ìgbà wo ni kì í yí padà. Ẹni tó bá ní i lọ́wọ́ nínú yín, kó fún mi.

Ó dìgbà kan ná. Kí òjò ọdún yìí má ṣe wólé lé wa lórí o. Àṣẹ.