Hóró epo ẹja kì í ṣe odi fún àrùn jẹjẹrẹ

Láti Àjàṣẹ́ dé Kétu àti Ṣábẹ, kò ṣòro fún èèyàn láti rí àwọn tó ń ta hóró epo ẹja. Wọ́n ń gbé e kiri ọjà, wọ́n ń polówó rẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n sì ń fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀jẹ̀ mọ́, ó ń fún ọkàn lágbára, àti pé ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́, àrùn jẹjẹrẹ kò ní sún mọ́ ọn. Lórí fóònù kan náà ni ìkìlọ̀ mìíràn tún ti ń wọlé: wọ́n ní epo ẹja yìí gan-an ló ń fa jẹjẹrẹ fún àwọn ọkùnrin. Ta ni ká wá gbà gbọ́?

Lójú tèmi, kò yẹ ká gba ọ̀kankan nínú méjèèjì. Hóró epo ẹja kì í ṣe odi fún jẹjẹrẹ. Kò sì sí ẹ̀rí tó fìdí múlẹ̀ pé òun ló ń fà á. Owó tí a fi ń rà á nítorí ìbẹ̀rù jẹjẹrẹ ni ó dùn mí, nítorí pé iṣẹ́ wà tí owó náà lè ṣe tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, àwọn dókítà méjì ará Denmark, Bang àti Dyerberg, ṣe ìwádìí nípa àwọn Inuit tó ń gbé ní Greenland, níbi tí yìnyín pọ̀ sí. Ẹja àti ẹran inú òkun ni àwọn èèyàn yìí ń jẹ jù. Àwọn dókítà náà rí i pé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn yàtọ̀ sí ti àwọn ará Denmark, wọ́n sì sọ pé ọ̀rá ẹja tí a ń pè ní omega-3 lè máa dáàbò bo ọkàn wọn. Ọ̀rọ̀ ọkàn ni ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn. Nígbà tó yá, nítorí pé omega-3 lè dín ara wíwú kù, àwọn kan rò pé ó lè dènà jẹjẹrẹ náà. Èrò ni. Àwọn oníṣòwò kò dúró kí ẹ̀rí dé kí wọ́n tó sọ ọ́ di ìpolówó.

Ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù náà ní orísun tirẹ̀. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ní Seattle, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọkùnrin wò. Wọ́n ní àwọn tí omega-3 pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ní jẹjẹrẹ prostate, ìyẹn ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ju àwọn tó kéré jù lọ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún jù ú lọ. Ìròyìn náà tàn ká bí iná ọyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀: kò sí ẹni tó fún àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn ní hóró epo ẹja nínú ìwádìí náà. Ẹ̀jẹ̀ wọn nìkan ni wọ́n yẹ̀ wò. A kò lè ti ibẹ̀ sọ pé hóró ló fa àrùn. Ohun méjì lè jọ rìn pọ̀ láìjẹ́ pé ọ̀kan ló bí èkejì.

Gbogbo alángbá ló da inú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tó ń lo hóró tí kò ṣàìsàn, ṣé hóró ló gbà á, àbí kò ní ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ náà? Ẹ̀rí ẹnu ẹnì kan kò lè dá wa lóhùn. Ọ̀nà kan tó dára jù ni pé ká kó ọ̀pọ̀ èèyàn jọ, ká ṣẹ́ kèké láàárín wọn, ká fún apá kan ní ojúlówó, ká fún apá kejì ní èyí tó jọ ọ́ tí kò ní nǹkan kan nínú, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má sì mọ èyí tí òun ń lò. Lẹ́yìn náà, ká ka iye àwọn tó ṣàìsàn ní apá kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ti ṣe é. Orúkọ ìwádìí náà ni VITAL. Dókítà JoAnn Manson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílùú Boston ló darí rẹ̀, èsì rẹ̀ sì jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018. Èèyàn 25,871 ló kópa, àwọn ọkùnrin tó ti pé ọmọ 50 ọdún sókè àti àwọn obìnrin tó ti pé 55 sókè. Ó lé ní ọdún márùn-ún tí wọ́n fi ń lo hóró náà lójoojúmọ́. Ní apá àwọn tó lo epo ẹja, èèyàn 820 ló ní jẹjẹrẹ. Ní apá àwọn tó lo hóró òfìfo, èèyàn 797 ni. Apá méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní iye èèyàn, nítorí náà bí a bá pín in, nǹkan bí èèyàn mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún ni ní apá kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín wọn kò ju ohun tí kèké lè fà lọ. Epo ẹja kò dènà jẹjẹrẹ, kò sì dá a sílẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní, "Àwọn òyìnbó nìyẹn, ara tiwa yàtọ̀." Nínú àwọn tó kópa, 5,106 jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ẹlòmíràn á ní ọdún márùn-ún kò tó, nítorí pé jẹjẹrẹ máa ń pẹ́ kó tó jáde. Òótọ́ ni pé ó máa ń pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tajà ló ṣèlérí, òun ló yẹ kó mú ẹ̀rí wá, kì í ṣe ẹni tó fẹ́ san owó.

Ìdí mìíràn tún wà tó fi yẹ ká ṣọ́ra. Ohun tó dára nínú oúnjẹ lè yí padà bí a bá fún un pọ̀ sínú hóró. Ní Finland, wọ́n fún àwọn ọkùnrin tó ń mu sìgá ní beta-carotene, ohun tó ń mú kárọ́ọ̀tì pọ́n. Èèyàn 29,133 ló wà nínú ìwádìí náà, wọ́n sì retí pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró á dín kù. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 1994, jẹjẹrẹ náà ti fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i láàárín àwọn tó lò ó.

N kò sọ pé epo ẹja kò wúlò rárá o. Àwọn dókítà máa ń kọ oògùn omega-3 tó le fún àwọn kan tí ọ̀rá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Iṣẹ́ dókítà nìyẹn, nítorí pé bó bá pọ̀ jù, ó lè mú kí ọkàn máa lù ségesège. Epo ẹ̀dọ̀ ẹja, tí a ń rà fún àwọn ọmọdé láti ọjọ́ pípẹ́, ní fítámì A nínú. Bí fítámì A bá pọ̀ jù lára aláboyún, ó lè pa ọmọ inú rẹ̀ lára. Kí aláboyún má ṣe rà á láì béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ẹja gan-an ńkọ́? Ẹ máa jẹ ẹ́. Ṣáwá, sadíìnì àti makerẹ́ẹ̀lì ní omega-3 nínú, wọ́n sì tún jẹ́ oúnjẹ tó ń yó èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó. Ẹni tó bá ń ná 3,000 sẹ́fà lóṣù sórí hóró, 36,000 sẹ́fà ló ná lọ́dún. Nínú owó yẹn, ó lè lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún àrùn mẹ́dọ̀wú irú B, tí àwọn dókítà ń pè ní hépatite B. Àrùn yìí wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ wa, ó sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí a rí i pé àwọn ọmọ wa gba abẹ́rẹ́ náà pé. Àgbàdo àti ẹ̀pà tó ti bu náà ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, nítorí májèlé tó wà nínú rẹ̀. Ẹ sá a dáadáa kí ẹ tó kó o pamọ́, èyí tó bá sì ti bu, ẹ má ṣe lọ̀ ọ́ mọ́ èyí tó dára. Sìgá ń fa jẹjẹrẹ, ọtí náà ń fà á, títí kan ṣódábì. Jíjáwọ́ nínú wọn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Èyí tó burú jù ni ìdádúró. Obìnrin tó rí kókó lọ́yàn rẹ̀, tí kò dùn ún, tí ẹnì kan sì sọ fún un pé hóró epo ẹja á yọ́ ọ, oṣù mélòó ló máa fi lò ó? Oṣù wọ̀nyẹn ni àrùn náà fi ń tàn kálẹ̀. Kókó lọ́yàn, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró, ìtọ̀ tí kò já geere lára bàbá àgbà: ilé ìwòsàn ni gbogbo wọn ń lọ, lọ́sẹ̀ tí a bá rí wọn.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà wa, ẹ bá àwọn tó ń ta hóró sọ̀rọ̀. Kí wọ́n máa ta ọjà wọn, àmọ́ kí wọ́n yọ orúkọ jẹjẹrẹ kúrò nínú ìpolówó. Ẹ̀yin tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, ẹ béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé ìpolówó irú èyí wá kí ẹ tó gba owó rẹ̀. Àwa tó ń rà náà, ẹ jẹ́ ká ra ẹja sínú ọbẹ̀, ká sì fi owó hóró ṣe àyẹ̀wò.