Fóònù olówó ńlá àbí ti owó pọ́ọ́kú: Èwo ló yẹ oníṣòwò Ọjà'ba?

Láti Bẹẹrẹ dé Mápó, láti Bẹyẹrúnkà títí wọ Ọjà'ba, fóònù kì í ṣe ohun tí èèyàn fi ń ṣe fújà lásán mọ́. Ohun tó sọ ọ́ di nǹkan mìíràn ni ọ̀wọ́n owó tó bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa ń pààrọ̀ náírà àtijọ́ sí tuntun, tí aráàlú ń tò rẹrẹẹrẹ síwájú báńkì, tí wọn kò sì rówó gbà. Ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta èlùbọ́, àtàwọn tó ń ta ewé àti egbò, kọ́ bí wọ́n ṣe ń gba owó ọjà sínú àkáǹtì. Owó bébà ti padà sígboro, ṣùgbọ́n àṣà náà kò lọ mọ́. Nítorí náà, oníṣòwò tó bá ń béèrè pé irú fóònù wo ni kí òun rà, àpò owó ló ń wá, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́.

Àwọn àgbà kò ní í gbàgbé pé nígbà tí fóònù GSM wọlé dé lóṣù kẹjọ ọdún 2001, olówó ló ń lò ó. Bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré, owó ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọ́n máa yọ, àfi ìgbà tí Glo dé lọ́dún 2003 tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ní ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn ìyẹn ni Transsion, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà tó ń ṣe Tecno, Infinix àti itel, wo bí nǹkan ṣe rí nílẹ̀ Áfíríkà, ó fi àyè síìmù méjì sínú fóònù kan, ó ṣe bátìrì tó lè dúró de NEPA, ó sì tà á ní iye tí ọwọ́ mẹ̀kúnnù lè tó.

Ṣùgbọ́n owó pọ́ọ́kú ti àná kọ́ ni tòní. Kí ìjọba tó dá náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní báńkì. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti lé ní 1,500. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024 jẹ́ 70,000 náírà, ọ̀pọ̀ fóònù ìgbàlódé tuntun tí a ń pè ní olówó pọ́ọ́kú ló sì ju iye yẹn lọ. Ní ti àwọn iPhone tuntun tó lórúkọ jù, mílíọ̀nù ni wọ́n fi ń ka owó wọn.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń wá ọ̀nà àbùjá. Wọ́n á gba Queen Cinema lọ, wọ́n á lọ ra tòkúnbọ̀ olórúkọ ńlá ní iye tí wọn ìbá fi ra tuntun tí kò lórúkọ. Kò burú, àmọ́ ewu wà níbẹ̀. Bátìrì ń darúgbó bí èèyàn ṣe ń darúgbó. Lóṣù kejìlá ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ Apple fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun máa ń dín eré àwọn iPhone tí bátìrì wọn ti gbó kù, kí wọ́n má baà máa kú lójijì. Èyí tó tún le jù ni pé lọ́dún 2025, WhatsApp dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí iPhone 5s, iPhone 6 àti 6 Plus. Oníṣòwò tó ń fi WhatsApp pàtẹ aṣọ rẹ̀ lórí irú fóònù bẹ́ẹ̀, orúkọ ńlá nìkan ló kù sí i lọ́wọ́.

Àwọn olówó pọ́ọ́kú náà ní àléébù tiwọn. Lọ́dún 2020, ilé-iṣẹ́ Secure-D tó ń rí sí ààbò orí fóònù kéde pé àwọn rí ètò olè kan tó ń jẹ́ Triada lórí àwọn fóònù Tecno W2, pàápàá láwọn orílẹ̀-èdè bíi Ghana, Cameroon àti Ethiopia. Ètò náà ń forúkọ èèyàn sílẹ̀ fún ohun tí kò béèrè, ó sì ń jẹ owó ìpè rẹ̀. Transsion ní ọwọ́ ẹlòmíràn tó ń bá àwọn pèsè nǹkan ni aburú náà gbà wọlé, àti pé àwọn ti wá ojútùú sí i. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé fóònù tí olùpèsè kì í fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí déédéé dà bí ìsọ̀ tí kò ní àgádágodo, ó sì di ọ̀ràn nígbà tí owó ọjà bá wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe iye tí wọ́n kọ sára páálí nìkan ló yẹ kí èèyàn wò, bí kò ṣe iye ọdún tí fóònù náà máa fi ṣiṣẹ́. Samsung ṣèlérí àtúnṣe ọdún méje fún Galaxy S24 tó jáde lọ́dún 2024, ó sì ṣèlérí ọdún mẹ́fà fún Galaxy A16, tí owó rẹ̀ kò tó ti S24 rárá. Ẹni tó ń fi kámẹ́rà jẹun, bíi àwọn tó ń ya fọ́tò òde àríyá, lè rí èrè nínú fóònù olówó ńlá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kó owó ọjà lé fóònù lórí ti ta orísun rẹ̀ ra garawa. Bí ipè àti kóòdù báńkì nìkan ni èèyàn nílò, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ṣì ń ṣe é.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ tòkúnbọ̀, kó wo ìlera bátìrì rẹ̀, kó tẹ *#06# kó mọ̀ bóyá nọ́ńbà ibẹ̀ bá ti ara páálí mu, kó sì gba rìsíìtì. Ẹni tó bá fẹ́ ra tuntun ní sísan díẹ̀díẹ̀, kó rántí pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀ lè ti fóònù pa bí owó kò bá wọlé lásìkò. Àjọ tí a dá kí a tó ra nǹkan kì í ti ìsọ̀ mọ́ni lójú.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Fóònù tó dáa fún oníṣòwò ni èyí tó ń gba owó wọlé fún un, tí kò sì ní í gbé owó ọjà rẹ̀ mì.