Ẹ Má Jẹ́ Ká Gbé Àwọn Kọ̀ǹpútà Inú Yàrá Ìlù Jù Nù

Kọ̀ǹpútà mẹ́sàn-án ló wà nínú yàrá tí a ń kó ìlù sí. Ọ̀kan nínú àwọn òbí wa ló bá wa tọrọ wọn níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Richardson nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ ohun èlò wọn. Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó kọjá, àbá méjì ló jáde: kí a kó wọn fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, tàbí kí a fi wọ́n sínú kọ̀ntẹ́nà tó ń lọ sí Èkó. A ó dìbò lórí rẹ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Èmi kò fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi kí ọjọ́ náà tó pé.

Àwọn kọ̀ǹpútà yìí kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọ wa ń gbé sínú báàgì. Workstation ni wọ́n, kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn ẹnjiníà àti àwọn tó ń yàwòrán ilé fi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní mẹ́mórì púpọ̀, wọ́n sì wúwo bí àpò gàrí. Mẹ́jọ nínú wọn ń tàn, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ohun tó sọ wọ́n di pàǹtí ni pé Microsoft ṣíwọ́ ìtọ́jú Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, àyàfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún. Windows 11 kò sì gbà láti wọ inú wọn, torí pé ó ń béèrè irú processor kan àti ṣíìpù ààbò kan tí wọn kò ní. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára ẹ̀rọ náà. Ẹni tó ṣe ètò tó ń darí wọn ló ní òun kò bá wọn ṣe mọ́.

Àbá tèmi ni pé kí àwọn ọmọ kíláàsì àgbà fi Linux sórí wọn fúnra wọn, kí a sì máa fi wọ́n kọ Yorùbá.

Linux jẹ́ ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ṣe ń darí rẹ̀, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀: ẹnikẹ́ni lè kà á, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn. Linus Torvalds, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki nígbà náà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991 fún processor 386 ti Intel tó wà nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ sọ fáwọn ènìyàn nígbà náà pé kò ṣe é kó lè lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀dà 1.2 jáde ní oṣù kẹta 1995, ó ti ní ẹ̀ka fún Alpha, MIPS àti SPARC, àwọn processor tó wà nínú àwọn workstation ìgbà yẹn. Lónìí òun ló wà nísàlẹ̀ gbogbo fóònù Android tó wà lọ́wọ́ yín.

Báwo ni ètò ṣe ń ṣí kúrò lórí ẹ̀rọ kan lọ sí òmíràn? Ẹ̀yin tí ẹ ti kó ẹrù wá láti ilé mọ̀ ọ́n ju bí ẹ ṣe rò lọ. Aṣọ, ìkòkò, orúkọ ọmọ, bí a ṣe ń kí àgbà, kò sí èyí tó yí padà níbodè. Ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù tí ẹ gbé wá láti Ìbàdàn kò gbóná dáadáa níbí, torí pé iná ilé jẹ́ 240 volt, iná ibí jẹ́ 120. Bẹ́ẹ̀ náà ni Linux. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni wọ́n kọ ní èdè C, kò sì bìkítà irú processor tó wà nísàlẹ̀. Apá tó fara kan ara ẹ̀rọ ni wọ́n ń tún kọ: bó ṣe ń jí nígbà tí a bá tan iná, bó ṣe ń pín mẹ́mórì, bó ṣe ń bá dísìkì àti ojú kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Apá kékeré ni, àmọ́ ibẹ̀ ni wàhálà máa ń wà.

Ọ̀kan nínú àwọn wàhálà náà, òǹkà Yorùbá ló ṣàlàyé rẹ̀ jù. Àwa ń sọ pé mọ́kànlélógún: ọ̀kan ló ṣáájú, ogún ló tẹ̀lé e. Gẹ̀ẹ́sì ń pe ogún kó tó pe ọ̀kan. (Bí òǹkà bá ti kọjá igba, tiwa náà máa ń yí padà, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún olùkọ́ ìṣirò.) Processor náà pín sí ọ̀nà méjì bẹ́ẹ̀. Intel máa ń fi apá kékeré nọ́ńbà ṣáájú nínú mẹ́mórì, bíi tiwa. SPARC máa ń fi apá ńlá ṣáájú, bíi Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹni tó kọ ètò kò bá rántí èyí, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ kan tọ́jú gẹ́gẹ́ bí 1 lè di 16,777,216 lójú ẹ̀rọ kejì. Ọmọ tó bá ti ṣi mọ́kànlélógún gbọ́ rí nínú kíláàsì wa, tó rò pé méjìlá ni, yóò tètè lóye rẹ̀.

SPARC yìí ló wà nínú ẹ̀kẹsàn-án, èyí tí gbogbo yín ń pè ní àpótí òkú. Sun Ultra 10 ni, láti nǹkan bí 1998. Sun tó ṣe é kò sí mọ́, Oracle rà á ní 2010. Bátìrì kékeré kan wà nínú ṣíìpù tó ń tọ́jú nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀. Nígbà tí bátìrì náà kú, ẹ̀rọ náà gbàgbé orúkọ ara rẹ̀, kò sì mọ ohun tí yóò pe ara rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bàbá kan láàárín wa, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ ẹ̀rọ, gbé e lọ sílé, ó tẹ nọ́ńbà náà padà sínú rẹ̀, ó sì fi OpenBSD sórí rẹ̀. Ó ti ń ṣiṣẹ́. Ó lọ́ra bí ìgbín, ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mẹ́ta tó lọ wò ó lọ́sẹ̀ yẹn kò fẹ́ lọ sílé mọ́.

Ẹni tó bá sọ pé irú iṣẹ́ yìí jìnnà sí wa, Dallas la wà o! Níhìn-ín ni Jack Kilby ti Texas Instruments ti fi ṣíìpù àkọ́kọ́ tó ṣe han àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ọjọ́ 12 oṣù kẹsàn-án 1958. Ní Mesquite, tó fara ti wa ní ìlà oòrùn, ni id Software wà nígbà tí wọ́n ṣe eré Doom tó jáde ní oṣù kejìlá 1993. Eré ìbọn ni, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni rà á fún ọmọ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé orí workstation NeXT ni wọ́n ti kọ ọ́, àti pé ní òpin 1997 wọ́n tú àkọsílẹ̀ rẹ̀ síta. Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń gbé e lọ sórí oríṣiríṣi ẹ̀rọ tí àwọn tó ṣe é kò lá lálàá rẹ̀. NeXT ní tirẹ̀ ṣíwọ́ ṣíṣe kọ̀ǹpútà nínú ọdún 1993 yẹn kan náà. Síbẹ̀ àwọn tó ń ṣe NetBSD, ètò mìíràn tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ṣì ní ẹ̀ka kan fún un, tí wọ́n ń pè ní next68k.

Ìyá kan bi mí pé kí ni ọmọ òun fẹ́ fi kọ̀ǹpútà àgbà ṣe nígbà tó ní iPad. Ìbéèrè gidi ni. Apple ra NeXT ní ìbẹ̀rẹ̀ 1997, inú ètò NeXT ni èyí tó wà nínú iPad yẹn sì ti wá. Ọmọ rẹ̀ ń fi ọwọ́ kan iṣẹ́ náà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó ṣí i wò. Lórí Linux, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, lábẹ́ Nàìjíríà, pẹ̀lú ẹ, ọ àti ṣ. Lóòótọ́, Windows náà ní tirẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé fáìlì lásán ni ti Linux, ọmọ ọdún mọ́kànlá lè ṣí i, kó ka ìlà kọ̀ọ̀kan, kó rí ibi tí wọ́n ti ní kí bọ́tìnì yìí máa mú ọ wá, kó sì yí i padà bó bá wù ú. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ ọjọ́ àti oṣù ní Yorùbá ṣe wà nínú rẹ̀. Ẹnì kan ló jókòó tẹ̀ wọ́n síbẹ̀. Bí àmì kan bá sì ṣì wà lórí ọ̀kan nínú wọn, ọmọ wa lè kọ̀wé kí wọ́n tún un ṣe. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń kọ "oko" fún oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ mọ̀ pé ẹ̀rọ kọ́ ló fi dandan lé e.

Ní ti kọ̀ntẹ́nà, ẹ jẹ́ ká rántí ìròyìn tí Basel Action Network gbé jáde lórí Èkó ní 2005. Àwọn oníṣòwò kọ̀ǹpútà níbẹ̀ sọ fún wọn pé tó mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tó ń wọlé ni kò wúlò mọ́, orí ààtàn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń parí sí, níbi tí wọ́n ti ń dáná sun ún. Tiwa ń ṣiṣẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á lọ́hùn-ún, ta ni yóò sì fi ètò tuntun sórí rẹ̀? Bí a kò bá lè dáhùn, a kàn ń gbé pàǹtí wa lọ sílé àwọn ẹbí wa ni.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹ̀rọ ló ń rí ẹni tọ́jú òun títí láé. Debian 13, ọ̀kan nínú àwọn oríṣi Linux, jáde ní oṣù kẹjọ 2025 láìsí ohun tí a lè fi gbé e sórí àwọn Intel 32-bit mọ́. (Tiwa jẹ́ 64-bit, ọkàn yín balẹ̀.) Ní oṣù kìíní 2024, Linux 6.7 jáde láìsí Itanium, processor tí Intel àti HP ná owó rẹpẹtẹ lé lórí. Kò rí olùtọ́jú mọ́, wọ́n yọ ọ́. Ẹ wá wo Motorola 68000, tó jáde ní 1979, tó fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ gba iwájú Itanium: ẹbí rẹ̀ ṣì wà nínú Linux títí di òní, torí àwọn kan ṣì ń lò ó, wọ́n sì ń tún un ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ wá láti Frisco àti Mansfield ní gbogbo Àbámẹ́ta nítorí èdè, mi ò ní láti túmọ̀ ìyẹn fún yín.

Workstation ń jẹ iná ju laptop lọ, ó sì ń mú yàrá gbóná, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Texas nínú oṣù kẹjọ. Nítorí náà, mẹ́fà péré ni kí a máa tàn, fún wákàtí kan lẹ́yìn kíláàsì. Kí a fi méjì yòókù ṣe àyípààrọ̀, nígbà tí ọ̀kan bá kú, a ó yọ mẹ́mórì tàbí fáànù lára wọn. Kí ọmọ kankan tó fọwọ́ kàn wọ́n, a gbọ́dọ̀ nu gbogbo dísìkì wọn mọ́ tónítóní, torí iṣẹ́ àwọn oní-nǹkan lè ṣì wà lórí wọn. Bàbá tó jí Sun náà ti ní òun yóò ṣe ìyẹn, òun yóò sì jókòó ti àwọn ọmọ.

Kíbọ́ọ̀dù mẹ́rin péré la ní. Bí ẹ bá ní òmíràn tó ń jókòó lásán nínú gáréèjì yín, ẹ bá wa gbé e wá lọ́jọ́ ìpàdé.