KÁNSÙ, Ẹ LỌ BÁ RIVER BASIN JÓKÒÓ

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń fi pa wá lẹ́nu mọ́. Bí a bá ní kí kánsù wá wo omi tó ń da ọjà rú, wọ́n á ní ti omi kì í ṣe tàwọn, ti ìjọba àpapọ̀ ni, ká lọ bá River Basin ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n bó bá di owó tíkẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó ń rán wa lọ sí Abẹ́òkúta!

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Dámù Ọ̀yán, tí Ààrẹ Shehu Shagari ṣí lọ́dún 1983, kò jìnnà sí Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni omi ti ń lọ sí ẹ̀rọ omi Abẹ́òkúta àti ti Èkó. River Basin ti Ògùn òun Ọ̀ṣun ló ń ṣàkóso rẹ̀. Bí òjò bá pọ̀ tí dámù kún, dandan ni kí wọ́n tú omi sílẹ̀. A ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Omi náà á bọ́ sínú odò Ògùn, á gba Ìṣẹrì, á dé Àgbóyì àti ẹ̀gbẹ́ Mile 12, kó tó wọ ọ̀sà. Ní October 2010, ẹ rántí bí omi ṣe lé àwọn ará Àjẹgúnlẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú kúrò nílé.

Ẹlòmíì á ní, kí ló wá kan Jíbówú níbẹ̀? Ó kàn wá o. Mile 12 la ti ń ra tòmátì àti ata. Bí omi bá dí ọ̀nà ibẹ̀, apẹ̀rẹ̀ kan á gbówó lórí, èyí tó bá há sọ́nà á ti rà kó tó dé, àwa náà ni oníbàárà á máa bú. Inú ọ̀sà kan náà sì ni gọ́tà Yábàá ń lọ. Bí ọ̀sà bá kún, omi gọ́tà kì í ríbi wọ̀, ẹ̀yìn ló ń padà sí, ìsọ̀ wa ló sì ń wọ̀.

Òfin ò yọ kánsù sílẹ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 kọ ọ́ pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni gọ́tà, ilẹ̀ kíkó àti ọjà. Òfin River Basin náà ní kí wọ́n kápá omíyalé àti ọ̀gbàrá. Ọ̀kan di orí omi mú, ìkejì di ìdí rẹ̀ mú. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ akèrègbè. Ṣé kò wá yẹ kí wọ́n jókòó pọ̀? Kọmíṣánnà ìpínlẹ̀ là ń gbọ́ pé ó ń bá River Basin sọ̀rọ̀. Ó dáa. Ṣùgbọ́n kọmíṣánnà ò mọ gọ́tà tó wà lẹ́yìn ìsọ̀ aláta. Alága kánsù ló yẹ kó mọ̀ ọ́n.

Kí wọ́n má sì sọ pé owó ò sí. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ ní July 11, 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Bí kò bá tíì dé ọwọ́ wọn, kí wọ́n lọ béèrè é lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú.

Nǹkan mẹ́ta là ń béèrè:

1. Kí alága lọ bá River Basin jókòó lọ́dọọdún kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀, kí aṣojú ọjà sì wà níbẹ̀.

2. Bí wọ́n bá fẹ́ tú omi, kí ìròyìn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, lédè Yorùbá, kì í ṣe inú ìwé ìròyìn nìkan.

3. Kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà kí òjò tó dé, kí wọ́n sì kó ẹrẹ̀ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ náà. Ẹrẹ̀ tí wọ́n bá kó sí bèbè, òjò kan ṣoṣo ló ń dá a padà.

Tiwa náà ń bẹ níbẹ̀. Wọ́n ní ọlọ́jà ló ń da ìdọ̀tí sí gọ́tà. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín wa. Ẹ jẹ́ ká jáwọ́, torí ẹni tó bá ju nylon sí gọ́tà ń fún kánsù lẹ́nu tí wọ́n á fi dá wa lóhùn. Ṣùgbọ́n nylon wa kọ́ ló kún dámù Ọ̀yán.

Ọ̀rọ̀ yìí la máa gbé lọ bá kánsù. Kí ìlà kọ̀ọ̀kan yan ẹni kan tó máa bá wa lọ. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ojú ò ní tì wá o.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́