Ẹ Wá Ẹni Tó Gbọ́ Yorùbá Jókòó Ti Òǹkàwé

Inú kọ́rópe láti Kámpù dé Alábàtà ni mo ti máa ń fetí sí ìwé. Íápíìsì á wà létí mi, ariwo "ṣénjì mi dà?" ò ní kàn mí. Láìpẹ́ yìí, ìwé àfetígbọ́ kan tí mi ò ní dárúkọ gbé ìtàn wá sí Abẹ́òkúta níbí. Ohùn ẹni tó ń kà á dùn. Ó wá dé Aké, ó dé Ìtòkò, ó dé Pànṣẹ́kẹ́, ó ń pè wọ́n bí orúkọ oògùn òyìnbó. Bó bá ti pe ọ̀kan, èmi náà á tún un pè lábẹ́nu. Kí n tó ṣàtúnṣe tán, ẹnìkan ti ré sódò Ògùn, mi ò sì mọ ẹni tó tì í.

Àwọn kan á ní àṣejù ni, ṣebí ìtàn ṣì yé mi. Ó kúkú yé mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo Children of Blood and Bone, tí Tomi Adeyemi gbé jáde ní 2018. Yorùbá ni ọfọ̀ inú rẹ̀. Ará Amẹ́ríkà ló ka ẹ̀dà àfetígbọ́ rẹ̀, tó gba ẹ̀bùn Audie fún ìwé àfetígbọ́ ọdún ní 2019. Mi ò bá wọn du ẹ̀bùn, àmọ́ mi ò rò pé ohùn Yorùbá ni àwọn adájọ́ ń wò. Bẹ́ẹ̀, ohùn gan-an lọfọ̀. Gbígbé ni wọ́n ń rán ewé gbégbé, torí ohun tó wà lórúkọ rẹ̀ nìyẹn. Rẹ ohùn yẹn sílẹ̀, ewé ò mọ iṣẹ́ tí o rán an mọ́.

Òǹkàwé kọ́ ni mo ń bá wí. Wọ́n kàn gbé ìwé lé e lọ́wọ́, wọ́n ní kó máa kà. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ ló jẹ̀bi. Ojúlé YorubaName tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èèyàn lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ níbẹ̀. Ní Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ tó múlé gbè wá, wọ́n ń kọ́ àwọn tó máa di olùkọ́ Yorùbá. Ọ̀kan nínú wọn lè ka gbogbo orúkọ inú ìwé kan sórí WhatsApp kí ẹ̀wà tó jiná.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ka ìwé Aké tí Ṣóyínká gbé jáde ní 1981 fún etí wa, kó pè mí. Láti Ìtòkò títí dé Ìsarà inú rẹ̀, owó ọkọ̀ nìkan ni mo máa gbà.